Ẹ̀rọ Tí Àǹtí Kò Pa Lẹ́nu Mọ́

"Àǹtí, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè pa ẹ̀rọ yìí lẹ́nu mọ́ ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi àbúrò ìyá mi ní ìbéèrè yìí. N kì í sábà bi àgbà ní nǹkan. Láti ọ̀sán ni mo ti ń wá bí n ṣe máa sọ ọ́. Àǹtí ń fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ èjìká wọn tó wú. Wọ́n wò mí, wọ́n fún aṣọ náà, wọ́n sì tún un rì bọ omi.

Módẹ́ẹ̀mù ni ẹ̀rọ náà. Káàdì pẹlẹbẹ kan ni, inú kọ̀ǹpútà ló máa ń wà, wáyà tẹlifóònù ni a sì ń kì bọ ìdí rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń pe nọ́ńbà, á kọ́kọ́ máa kùn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìṣó ha páànù, títí tí ẹ̀rọ tó wà lódìkejì yóò fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí Kóńdó ti ń sùn, ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó láti pa ènìyàn.

Kóńdó ni ọkọ Àǹtí. Gáàdì ni ní ilé iṣẹ́ bíríkì kan. Òru ló fi ń ṣọ́ ibẹ̀, ọ̀sán ló fi ń sùn. Bí ó bá ń lọ lóròòru, á yọ wáyà tẹlifóònù ilé dání, nítorí náà ọ̀sán nìkan ni módẹ́ẹ̀mù lè ṣiṣẹ́. Kóńdó dúdú tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ kì í kúrò ní ìgbèrí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, kì í ṣe lójú rẹ̀. Àǹtí ní tiwọn ń tún rédíò, fáànù àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá iwájú. Àǹtí Oníwáyà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyá mi ń tọ́jú ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mo máa ń wà bí mo bá ti ilé ìwé dé.

Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, kọ̀wé sí Àǹtí pé àwọn lè gbà wọ́n síṣẹ́. Yàrá méjì bá iṣẹ́ náà wá. Kí Àǹtí sáà dáhùn ogún ìbéèrè, kí ìdáhùn náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn lórí íméèlì kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó lù. Àǹtí fẹ́ gbé ọmọ wọn obìnrin ọlọ́dún méjì lọ síbẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Kóńdó gbá ọmọ náà létí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde níbẹ̀.

Kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ Kóńdó ló sì ni ín. Níbẹ̀ ni Àǹtí ti ka ìwé náà, tí wọ́n sì da àwọn ìbéèrè kọ. Kí wọ́n tó délé, ọ̀rẹ́ yẹn ti tẹ Kóńdó láago. Kóńdó kò béèrè ohunkóhun. Ó lu kọ̀ǹpútà Àǹtí títí páànù rẹ̀ fi wọnú, ó ju àwọn sídíì wọn lu ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Àǹtí fúnra wọn. Ètè wọn là. Ojú wọn òsì di.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ojú kan ṣoṣo ṣa ohun tó kù jọ. Módẹ́ẹ̀mù kò fọ́, ṣùgbọ́n díìsìkì tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti kú, sídíì tí wọn ì bá sì fi jí òmíràn ti di èérún. Tíṣà ìṣirò wa, oníbàárà wọn, ló fún wọn ní sídíì Linux, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹtí fi díìsìkì àlòkù kan rọ́pò èyí tó kú, kọ̀ǹpútà náà sì jí. Módẹ́ẹ̀mù ni kò jí. Irú rẹ̀ kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń yá lò, àwọn tó sì ṣe é kò kọ́ ọ bí a ti ń bá Linux sọ̀rọ̀. Linux ń wò ó bí ìgbà tí kò sí níbẹ̀. Ó nílò ètò kékeré kan tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà sì wà.

"Inú ilé tí a tì pa ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà yìí," ni Àǹtí wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ètè wọn tún là.

Tíṣà lọ gba ètò náà sórí díìsìkì pẹlẹbẹ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n náà tó rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àǹtí fi bá a jà. Kọ̀ǹpútà á to ètò ògbufọ̀ náà pọ̀ tán, Linux á sì kọ̀ ọ́, á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Lọ́jọ́ kẹta ni Àǹtí ní kí n máa ka nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, kí n má fo ọ̀kankan. Mo rọra kà á. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé Linux méjì ni sídíì yẹn kó sínú ẹ̀rọ, tí nọ́ńbà ìparí wọn nìkan yàtọ̀. Wọ́n ń to ètò ògbufọ̀ náà fún ọ̀kan, ìkejì ló sì ń jí ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Ó dà bí ẹni tó wọn ara Táyé ránṣọ, tí ó wá ń fi tipátipá wọ aṣọ náà fún Kẹ́hìndé tó sanra jù ú lọ. Wọ́n yí i padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, módẹ́ẹ̀mù pe nọ́ńbà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó han. Inú Àǹtí dùn débi pé wọ́n gbé mi sókè. A kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Kóńdó fi wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò àfisùn, tí ó fa wáyà yọ, tí ó sì fi kóńdó gbá Àǹtí léjìká títí wọ́n fi ṣubú lulẹ̀. Ó tún gbé e sókè fún orí. Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ tí yàrá rẹ̀ fara ti yàrá Àǹtí ló dé, Káfíńtà wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Àǹtí Oníwáyà, ẹran wo lẹ ń dúńbú níbí?" ni Aránṣọ bi wọ́n.

Kóńdó rọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ lásán ni, obìnrin òun ń fi ẹ̀rọ ṣeré. Wọ́n lọ. Òun náà padà lọ sùn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo béèrè ìbéèrè mi. Nígbà tó di ọjọ́rú, mo ti ilé ìwé dé, mo sì rí i tí Àǹtí fi lẹ́tà kan àti òdo kan kún àṣẹ tí wọ́n ń fún módẹ́ẹ̀mù. Ó pe nọ́ńbà, kò dún pìn-ín. Àǹtí ṣẹ́jú sí mi. Inú mi dùn, mo rò pé èmi ni mo la ojú wọn.

Ohun kan ni a gbàgbé. Ilé iṣẹ́ Kóńdó ló fa tẹlifóònù sílé kí wọ́n lè máa rí i pè, pálọ̀ sì ni tẹlifóònù ọ̀hún wà. Ara ìlà kan náà ni Àǹtí ti ya wáyà wọ yàrá iwájú. Módẹ́ẹ̀mù tí a pa lẹ́nu mọ́ lọ́dọ̀ wa ṣì ń pariwo nínú wáyà. Kóńdó jí, ó gbé tẹlifóònù láti pe ẹnìkan, ariwo náà sì wọ ọ́ létí tààrà. Lójú kọ̀ǹpútà, ìsopọ̀ já. Ìdáhùn Àǹtí kò tíì lọ.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó di tẹlifóònù mú pẹ̀lú wáyà rẹ̀ tó ń wọ́ lẹ̀.

"Kí lo kì sínú tẹlifóònù mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi tẹlifóònù náà gbá Àǹtí lẹ́nu, eyín kan bọ́. Ó fa kíbọ́ọ̀dù yọ, ó sì nà wọ́n lẹ́yìn títí àwọn lẹ́tà fi ń fò káàkiri ilẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún wọn mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ó ní ọwọ́ tó ń kọ̀wé sí ọkùnrin nìyí, ó sì sọ kóńdó kalẹ̀. Ìka méjì dún bí igi gbígbẹ. Abẹ́ tábìlì ni mo wà, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ Àǹtí. Àǹtí kò ké. Aṣọ ni wọ́n gé jẹ. Ní gbogbo àkókò yìí mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Aránṣọ lẹ́yìn ògiri, ó ń lọ geere, kò sì dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó rẹ Kóńdó, ó lọ sùn. A ń gbọ́ híhanrun rẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló fi igi pẹlẹbẹ di àwọn ìka náà lọ́jọ́bọ̀. Ó bi Àǹtí bóyá wọ́n tún ṣubú ni. Àǹtí mi orí, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un. Ìyá mi sunkún, wọ́n ní kí Àǹtí kó wá sọ́dọ̀ wa lójú ẹsẹ̀. Àǹtí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, ìgbésẹ̀ mẹ́fà kọ́ ló máa gba ènìyàn lọ́wọ́ Kóńdó. Kí àwọn kọ́kọ́ rán ohun tí àwọn fẹ́ rán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, Àǹtí fi eyín bó wáyà, wọ́n so ó pọ̀. Èmi ti ṣa lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù jọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin kò bọ́ sí ipò wọn mọ́, ìdí rọ́bà wọn ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n yọ òdo yẹn kúrò nínú àṣẹ. Wọ́n gbé ohùn módẹ́ẹ̀mù sókè dé ibi tó mọ. Wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fi fáànù tó ti bàjẹ́ há a kí ó má lè padé. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ àṣẹ náà.

Ariwo náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Aránṣọ dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Káfíńtà dé, ó gbé pákó lọ́wọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò yà sọ́dọ̀ wa rárá. Ó gba pálọ̀ lọ tààrà, ó jókòó, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé tẹlifóònù kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e. Kóńdó já jáde láti yàrá, ó bá a níbẹ̀, ó ní kí ó jáde nílé òun.

"Ọmọ mi, mo ń retí ìpè," ni ìyá àgbà náà wí.

Kóńdó fi í sílẹ̀, ó forí lé ọ̀dọ̀ wa. Aránṣọ na ọwọ́ dí i lọ́nà, Kóńdó fi ìdí kóńdó ọwọ́ rẹ̀ gún un nímú, ẹ̀jẹ̀ sì bo blọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó lu Káfíńtà léjìká. Àǹtí kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n fi ara wọn bo kọ̀ǹpútà bí adìyẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ. Ó lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n máa ka ibi tó dé. Mo ka ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo ka ọgọ́ta, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Àǹtí ní, "Kà á sókè." Mo kà á sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bà wọ́n ní ọrùn. Ìgbà náà ni Káfíńtà fi ẹ̀gbẹ́ pákó gbá ọrùn ọwọ́ Kóńdó. Mo gbọ́ egungun náà. Kóńdó ké bí ọmọdé, kóńdó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Aránṣọ sì gbé gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé e láyà, imú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i lójú.

"Ó ti lọ," ni mo wí. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Àǹtí gbé ọmọ wọn àti àpótí kọ̀ǹpútà náà wọ ọkọ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú Kóńdó pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Kò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa mọ́.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Mo lo ìsinmi ọdún yìí lọ́dọ̀ Àǹtí, ní ìlú tí wọ́n ti gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn aláìsàn ni wọ́n ń tún ṣe báyìí; ìka méjì wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi wọ́n di skurudíráfà mú. Módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń lò. Láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, á han gba gbogbo ilé. Ọmọ wọn á fi ìka di etí, àwọn ayálégbé yòókù á máa bú u láti inú yàrá wọn, wọ́n á ní kí ọlọ́run ẹ̀rọ dákún mú un lọ. Àǹtí á bẹ̀ wọ́n, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò tún han lọ́jọ́ kejì.

Èmi kò béèrè mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rò ó pé ìbéèrè mi ló ṣẹ́ àwọn ìka yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, mo ń di ẹrù mi, ẹ̀rọ náà ń han lọ́wọ́, Àǹtí sì dúró tì í títí tí ó fi dákẹ́. Wọn kò wo ojú mi.

"O bi mí bóyá kò sí bí a ṣe lè pa á lẹ́nu mọ́," ni wọ́n wí. "Ó wà. Lẹ́tà kan àti òdo kan ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kí o tó béèrè, ìwọ kọ́ lo kọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo pa á lẹ́nu mọ́, ògiri kan ló wà láàárín èmi àti Aránṣọ, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń pa mí. N ò ní tẹ òdo yẹn mọ́."