Àwòrán Ogun Lára Ògiri Ilé Ìdáná Wa

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa! Àbí ọwọ́ ẹ ò lágbára ni?"

Ìyá bàbá mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé mi lórí. Mo dúró lórí àpótí, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ páálí ńlá kan mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ìyẹ̀fun àgbàdo ló fi omi gbígbóná pò tó fi ṣe gọ́ọ̀mù, ó sì ti ń kán sí mi lápá. Òórùn rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti ewé kọ́rì tí obìnrin ará Íńdíà tá a jọ ń lo ibẹ̀ ń dín. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Màmá, a ní ká ṣọ́ oúnjẹ jẹ, ẹ tún wá ń fi oúnjẹ lẹ páálí."

"Ìyàwó mi, kò sógun tí kì í jẹ nǹkan."

Satwa, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀. Ìyá àgbà wá láti Abẹ́òkúta kó lè bá wa tọ́jú àbúrò mi jòjòló. Kò tíì pẹ́ tó dé tí ibi iṣẹ́ bàbá mi kógbá sílé. Bí kò bá ríṣẹ́ míì kí visa wa tó parí, gbogbo wa la máa palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sí Nàìjíríà. Síbẹ̀, bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Láràárọ̀ ló ń de táì, táá jáde bí ẹni ń lọ sí ọ́fíìsì, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa má baà mọ̀ pé nǹkan ti yí. Ẹ mọ̀ wá náà, a lè febi sùn ká sì máa tayín láàárọ̀.

Bí ìyá àgbà ṣe gba ìdí ìkòkò nìyẹn. Ẹran kan fún ọmọdé, ẹran kan fún àgbà. Bó bá ti bù ú tán, á dé ìkòkò gbàmù, á ní, "Khalas!" Ìyẹn ni pé ó ti tán. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n lò.

Ogun Hítílà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bá a ṣe ń ṣa ìrẹsì, ó máa ń sọ fún mi pé iyọ̀ wọ́n nígbà èwe òun débi pé ìyá òun ń pín in bí oògùn. Ìjọba wá lẹ àwòrán mọ́ ògiri kọ́ọ̀tù: sójà kan nàka síta, apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ìlú wá pa èkùrọ́ fún ogun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lójú ogun ní Boma. Ìyá àgbà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó ti òkúta, wọ́n á máa pa èkùrọ́ títí ìka wọn á fi wú.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n yín rí èkùrọ́ náà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Nígbà tó dé, ó ní òun ò fojú kan ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ogun ń bẹ. Kò sẹ́ni tó dá ìyà tiẹ̀ jẹ."

Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n ya tiwa. Èmi ń yà, òun ń pàṣẹ: bàbá mi nínú táì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, ìkòkò kékeré níwájú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: OGUN DÉ. Ẹ RỌRA BU ỌBẸ̀.

Nígbà tí bàbá mi wọlé nírọ̀lẹ́ tó rí i, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá! Everybody ló ń wọ kitchen yìí o! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ó nawọ́ láti já a. Ìyá àgbà ti lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Orí rẹ̀ ò ga ju àyà ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọkọ̀ òfuurufú, tó ní ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí apá ẹ̀ ò ká a mọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó bẹ èmi ọmọ kékeré. Ìwọ wá ta ni, tí o ò lè bẹ ẹnì kankan?"

Bàbá mi sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ orí mi wú gan-an pé èmi lọmọ ọmọ obìnrin yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin ará Íńdíà wo àwòrán náà pẹ́. Ó bi mí léèrè pé, "Papa no duty?" Mo wojú ìyá àgbà. Ó ní, "Sọ fún un." Mo sọ ọ́. Ló bá paná ìdáná rẹ̀, ó lọ pe ọkọ rẹ̀. Dírẹ́bà lọkọ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Sharjah, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa bójú tó ẹrù níbẹ̀.

"Brother, why no tell?" lohun tí ọkùnrin náà ń bi bàbá mi ṣáá.

Bàbá mi ríṣẹ́ náà kí visa wa tó kú. A kó lọ sí Sharjah, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tọ́ àwọn ọmọ tèmi báyìí. Ìyá àgbà ti sùn. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi ni pé n kì í fi ìnira mi pamọ́, mo sì ń fi í yangàn.

Lọ́dún tó kọjá, ibi iṣẹ́ tèmi náà dá wa dúró. Lọ́jọ́ ìsìn, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ìjẹ́rìí, mo bọ́ síwájú pẹ̀lú àwọn tí Ọlọ́run fún ní mọ́tò àti ọmọ. Wọ́n gbé máìkì fún mi.

"Ẹ má bínú, mi ò ní testimony. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mò ń wá òmíràn. Ẹni tó bá gbọ́ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó tìyanu-tìyanu.

"Èmi náà," ló wí.