Géètì Ranald àti Verlie Awakọ̀ Lẹ́tà

Ẹni tí kò bá mọ Verlie Maddock lójú ọ̀nà wa, àlejò ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń wa ọkọ̀ lẹ́tà, láti òwúrọ̀ kùtù títí di àṣálẹ́, láti oko màlúù kan dé òmíràn, nínú eruku pupa. Lẹ́tà nìkan kọ́ ló ń gbé: ó ń gbé oògùn ẹran, kéèkì ọjọ́ ìbí, àti òfófó. Obìnrin bí ọkùnrin ni! Táyà á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú oòrùn gangan, á pààrọ̀ rẹ̀, á nu ọwọ́ nù, á máa kọrin lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi pa mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Costa, àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀, ló jókòó tì í. Ará ìlú ńlá etíkun ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ ṣí géètì ọgbà màlúù tí ọ̀nà bá gbà kọjá.

“Costa, iṣẹ́ ti dé o,” ni Verlie wí. “Ṣí i, kí n kọjá, kí o tì í. Bí màlúù bá jáde, wọ́n á ní àna mi ló ṣe é.”

“Má dààmú, Verlie. Wàá fẹ́ràn iṣẹ́ mi.”

“Ọmọ mi ló fẹ́ràn ẹ. Èmi ṣì ń wò ẹ́ ná.”

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dùn mọ́ Verlie lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ Ranald Teague, ọ̀kan nínú àwọn olóko màlúù náà, Costa ní kó dúró, ó bọ́ sílẹ̀. Verlie rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó ń to lẹ́tà lórí itan, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Oòrùn ti kọjá àtàrí kí Costa tó fọ́nnu.

“Àwọn ará ibí yìí mà ya ọ̀lẹ o! Ibi tí mo ti ní kó o dúró yẹn, wọ́n ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Mo bá wọn tì í.”

Verlie tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

“Yéè! Mo gbé! Géètì tó o bá ní ṣíṣí, ṣíṣí lo máa fi í sílẹ̀! Ẹ̀rọ omi Ranald ti bàjẹ́, ibẹ̀ nìkan ni ẹran rẹ̀ ń gbà lọ mumi. Nínú oòrùn yìí, wọ́n á kú!”

“Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa tì í.”

“Èmi ni. Ẹnu mi ló kó bá wa.”

Ó fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ pe Ranald títí, kò sí ìdáhùn. Àwọn ilé tó kù ń retí rẹ̀, síbẹ̀ ó yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀rù ń bà á nítorí ẹran, ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ rí pé Verlie fi géètì òun sílẹ̀ bí kò ṣe yẹ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ranald ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Àwọn màlúù ń sáré lọ síbi omi, ṣùgbọ́n ọmọ màlúù kan ti ṣubú lulẹ̀.

“Ta ló ti géètì mi?”

Verlie ti bọ́ sílẹ̀. “Èmi ni, Ranald.”

“Verlie, o ò purọ́ fún mi rí.”

“Nítorí náà, gba èyí gbọ́.”

Costa jáde nínú ọkọ̀. “Irọ́ ló ń pa torí mi. Èmi ni mo tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ranald bẹ̀rẹ̀, ó gbá orí ọmọ màlúù náà mú. “Gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú,” ló wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ọmọ màlúù náà dé etí omi. Costa ń fọwọ́ bu omi sí i lẹ́nu. Ó pẹ́ kí ẹran náà tó gbé e mì. Nígbà tó gbé e mì, Verlie kẹ̀yìn sí wọn, ó sì sunkún.