Wọ́n Ti Dúpẹ́ Kí Orúkọ Tó Wọ̀wé

Lọ́dún 1988, bí ènìyàn bá sín ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan nílùú Ìbàdàn, àṣeyọrí ni. Ẹ̀bùnọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí òun ni táípísì tó ń tẹ Ìwé Àṣeyọrí wọn lọ́dọọdún, tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó dé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kó tẹ ìyẹn náà lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ipò kẹta nínú ìdíje tó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ló wá. Dókítà Olúwọlé, ọ̀gá ẹ̀ka náà, nìkan ní àṣeyọrí mẹ́sàn-án, tí ìkarùn-ún jẹ́ pé òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó fíríìjì ọ́fíìsì. Fíríìjì ọ̀hún ò sì fi ọjọ́ kan tutù rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé.

Orúkọ ta ni kò wá sí níbẹ̀? Orúkọ Ẹ̀bùnọlá.

Ẹ má sì rò pé ọmọbìnrin náà ò ṣe nǹkan kan. Lọ́dún tó ṣáájú, kọ̀ǹpútà wọn, tó tóbi tó ilé ìdáná àti yàrá méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé akẹ́kọ̀ọ́ mì. Orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́ ọ pé kó fi máa dá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá yìí, níbi tí ìbejì pọ̀ bí èèrùn! Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá jọ wọlé, kọ̀ǹpútà á ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Á kó máàkì àwọn méjèèjì lé Kẹ́hìndé lórí, Táíwò á sì di ẹni tí wọn ò bí rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìpàdé mọ́kànlá. Dókítà Olúwọlé ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iná mànàmáná ló fà á.

Ẹ̀bùnọlá ló ń bá wọn tẹ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé sínú ẹ̀rọ, ó sì ti lọ fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bó ṣe wò ó báyìí, ẹ̀rín pa á. Agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà nìkan, ọ̀wọ́ ìbejì mẹ́fà ló wà níbẹ̀! Ó kọ ìlà mẹ́rìnlá kún ètò náà, pé nọ́ńbà ìwọlé ni kí kọ̀ǹpútà máa wò. Bí gbogbo Táíwò ṣe jí dìde nìyẹn.

Nígbà tí Ìwé Àṣeyọrí ọdún yìí dé iwájú rẹ̀, kí ló rí ní àkọ́kọ́ nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? “Dókítà Olúwọlé yanjú ọ̀ràn ìbejì.” Ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ ti iyì lásán ni, ìbá gbé e mì. Ṣùgbọ́n lóṣù tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ìgbéga máa mú ẹnì kan sí ipò àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sì sí nínú Ìwé Àṣeyọrí, wọn ò ní í wo lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe táípísì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Dókítà.

“Ẹ̀bùnọlá, ọmọlúàbí kì í polówó ara rẹ̀,” ni Dókítà tó ti polówó ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án wí fún un.

Bó bá sì délé, Bàbá Màmúdù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé, kì í jẹ́ kó simi.

“Ṣé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ?”

“Wọn ò tíì kọ ọ́, Bàbá.”

“Àbí wọn ò mọ̀wé kọ ni?”

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ń bi í bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí Ẹ̀bùnọlá ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Bẹẹrẹ, bàbá náà tún dá a dúró. Ó ti sú ọmọ ọlọ́mọ.

“Wọ́n ti kọ ọ́, Bàbá! Wọ́n ti kọ ọ́!”

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò rántí pé àgbà Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọpẹ́ sùn sílé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tó di aago mọ́kànlá ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí ìwé náà gbọ́dọ̀ parí gan-an, àgbà mẹ́rìnlá rọ́ wọ ọ́fíìsì tí ẹni mẹ́rin ń há mọ́, tàwọn ti iṣu àti àkùkọ gàgàrà kan. Kí Dókítà tó béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ọ̀gá, ọpẹ́ la wá dú,” ni Bàbá Màmúdù wí. “Ẹ ṣeun lórí ọmọ wa. Ẹlòmíràn ìbá ti jí iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.”

Ẹ̀bùnọlá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kó sínú rẹ̀.

“Iṣẹ́… iṣẹ́ wo, Bàbá?” ni Dókítà béèrè.

“Iṣẹ́ ìbejì náà kẹ̀! Ẹ má wulẹ̀ rẹ ara yín sílẹ̀ fún wa, a ti gbọ́ pé ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ ṣe kọ orúkọ ọmọ wa, orúkọ tiyín ò ní parẹ́.”

“Àmín!”

“Ẹni tó bá pa orúkọ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́, kí kọ̀ǹpútà gbé tirẹ̀ mì.”

“Àmín!” Kí Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe àmín sí, àmín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tirẹ̀ ló tilẹ̀ dún jù.

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ó yíjú padà. “Ta ló ní kó o parọ́ mọ́ mi?”

“Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ló sú mi.”

Dókítà rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n dá ọpẹ́ padà fún àgbà mẹ́rìnlá? Ó wúkọ́. “Ó dáa, tẹ̀ ẹ́: Ẹ̀bùnọlá Ògúndìran, táípísì, ran Dókítà Olúwọlé lọ́wọ́ díẹ̀…”

Ẹ̀bùnọlá gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Sà, ṣé kí n sáré lọ pè wọ́n padà? Ọpẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n dú, kì í ṣe ti ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Wọn ò ní í tíì kọjá géètì, Bàbá Màmúdù kì í yára rìn.”

Dókítà wo ojú fèrèsé. Lábẹ́ tábìlì, àkùkọ ṣu sí i ní bàtà.

“Tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Ṣùgbọ́n fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀ náà.”

“Ìṣòro kan náà, àṣeyọrí kan náà, sà? Wọn ò ní í máa rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni wá báyìí?”

Dókítà pòṣé, ó ní kó yọ tòun kúrò.

Ìgbìmọ̀ mú Ẹ̀bùnọlá lóṣù tó tẹ̀lé e. Kò tíì pé ọdún lórí àga tuntun náà nígbà tí táípísì tuntun kanlẹ̀kùn, bébà dání: ó ní Dókítà ní kí àǹtí jọ̀ọ́ bá òun tẹ Ìwé Àṣeyọrí, òun nìkan ò lè tẹ àṣeyọrí wọn parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀bùnọlá gba bébà, ó ka àkọ́kọ́: “Dókítà Olúwọlé kọ́ táípísì kan títí ó fi di ẹni tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà.”

Òṣé tó pa, wọ́n gbọ́ ọ ní Mápó.