Orí Rẹ̀ Dà?

Ní gbogbo Ọjà'ba, kò sí alápatà tó le bíi Bàbá Ràímì. Kò ní í ra ẹran láìwo ẹnu màlúù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ṣe fàyàwọ́ ẹran pípa wọ̀lú láti ìlú tí ìjọba ti fòfin de màlúù wọn nítorí àrùn ẹnu tó ń ràn. Ó gbé e wá tà fún Bàbá Ràímì.

"Orí rẹ̀ dà?" ni Bàbá Ràímì bi í.

"Mo sọ ọ́ nù sọ́nà, Bàbá."

"Irọ́ lo pa! Ta ní í sọ orí màlúù nù?"

Bàbá Ràímì tú ẹrù ọkùnrin náà. Orí wà nísàlẹ̀, egbò kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú.

"Bí ajá bá gbé eegun kan dé agbo wa, màlúù Ìbàdàn tán!"

Wọ́n dáná sun ẹran náà di eérú. Ni wọ́n bá sọ Bàbá Ràímì ní Orí-dà, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹní jẹ Balógun.