Ọjọ́ tí Òyìnbó Gbọ́wọ́ Lé Mi Lórí

Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá tú ilé wa ní Ìtagúnmódì kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ mú wúrà dání, ìbáà ṣe èyí tí òjò wọ́ jáde lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ìyá mi ṣa díẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ó ń fi òwú di irun mi lọ́wọ́ nígbà tí a gbúròó mọ́tò. Kíá, ó fi àkísà wé wúrà náà, ó tì í bọ inú irun mi, ó sì fi òwú dì í pinpin.

"Má mi orí o!"

Ọlọ́pàá kan àti òyìnbó kan wọlé. Wọ́n tú àpótí, wọ́n da gààrí sílẹ̀. Ni òyìnbó bá gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nǹkan kan.

Ọlọ́pàá ní, "Ó ní irun rẹ dára."

N kò mọ ìgbà tí mo tọ̀ sára.

"Ẹ ṣeun, sà," ni ìyá mi dáhùn. Wọ́n bá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tí ìyá mi kò tíì tú irun mi, tíṣà ní kí a gbórí sókè, kí a kọrin fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọmọ gbórí sókè. Èmi fọwọ́ méjèèjì di tèmi mú.