Fèrè Tí Mo Fọn Mọ́ Àbúrò Ọkọ Mi

Ọmọ Ṣakí ni mí, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó. Ọkọ mi wà ní Jọ́ọ̀sì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì rí ilé tó dára gbà níbẹ̀, ló bá ní kí n máa gbé pẹ̀lú àwọn òbí òun ní agbo ilé wọn. Ahunṣọ ni bàbá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi sì ń ta òwú.

Ilé náà kò burú. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, wọn kì í sì í bú mi. Ṣùgbọ́n n kì í dá wà. Bí mo bá fẹ́ dé ọjà, mo gbọ́dọ̀ sọ. Bí mo bá pẹ́ ní ilé ìwé, wọ́n á bi mí léèrè. Èyí tó kéré jù nínú àwọn àbúrò ọkọ mi, ọmọbìnrin tó ń kàwé nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni gan-an, èmi kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, nítorí ọkọ mi lòun náà jẹ́. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, “ẹ” ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá wà ní kíláàsì, òun á dìde fún mi, á pè mí ní “Mà.” Bí a bá délé, èmi á kúnlẹ̀ kí i.

Mo ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn. Ó ga, ara rẹ̀ sì yá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan ni kò yé e dáadáa. Nínú eré yìí, ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú kò gbọ́dọ̀ gbé e rìn, àfi kó máa gbá a mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bó bá dúró, ó lè máa fi ẹsẹ̀ kan yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà. Bó bá wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kúrò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rìn nìyẹn, rẹfirí á sì gba bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Mo sọ èyí fún un títí. Ó máa ń ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọbìnrin kan wá láti Ṣakí kí wọ́n wá bá wa gbá, ọkọ̀ tó gbé rẹfirí bàjẹ́ lẹ́bàá Kòmu. A retí rẹ̀ títí wọ́n fi kírun alásárì tán. Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Tíṣà tó kó àwọn ará Ṣakí wá ní ọmọ àwọn ni mí, n kò ní rẹ́ àwọn jẹ. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní ìyàwó àwọn ni mí, ọkàn àwọn balẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi fèrè lé mi lọ́wọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ pápá, mo rí ìyá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú pẹ̀lú àwọn obìnrin agbo ilé wa.

Eré náà le. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Ṣakí fi àmì kan ṣoṣo ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ nítòsí agbọ̀n. Àwọn ọmọ Ṣakí méjì sá pàdé rẹ̀, wọ́n há a mọ́. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, kò rí ọ̀nà. Ló bá wọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrò, ó fò, ó sì ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ariwo sọ. Ilẹ̀ pupa ni pápá wa, eruku sì pọ̀ lórí rẹ̀. Mo rí ojú ibi tí ẹsẹ̀ náà wọ́ gbà kedere, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Mo fọn fèrè. Mo di ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́, mo ń yí wọn po níwájú àyà mi, bí rẹfirí ṣe máa ń ṣe láti fi hàn pé ẹnì kan ti rìn. A kò ka bọ́ọ̀lù tó wọlé náà mọ́. Ṣakí borí.

Mo délé. Mo kí ìyá ọkọ mi, wọ́n wo ibòmíràn. Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ògiri. Mo ronú àtilọ sí Ṣakí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń padà ni wọ́n máa fi mí sí. Jọ́ọ̀sì jìnnà. Bí mo bá sì lọ ilé ìwé, Ìdílẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ọkọ mi pe gbogbo wa sí àgbàlá. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń dun àwọn. Wọ́n ní, “Kí ló ń fi ọwọ́ yí mọ́ ọmọ mi lójú gbogbo ayé?” Ìgbà náà ló yé mi pé èpè ni wọ́n rò pé mo ń ṣẹ́.

Bàbá ní kí n ṣe é kí àwọn rí i. Mo mú ìdì òwú kan, mo dì í mú bíi bọ́ọ̀lù, mo dúró sáàárín wọn. Mo fi ẹsẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dúró hàn wọ́n àti èyí tó lè yí, mo wọ́ ẹsẹ̀ òsì mi nílẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ṣe àmì náà. Mo ní gbogbo rẹfirí ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ní ohun mìíràn nínú. Bàbá yíjú sí ọmọ wọn.

“Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kúrò?”

“Ó kúrò, Bàbá. Wọ́n há mi mọ́ ni, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá ní mo jàre nípa ti eré, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ṣùgbọ́n o dójú ti ọkọ rẹ láwùjọ. Bẹ̀ ẹ́.”

Mo wo ojú wọn, n kò rí ẹni tó máa gbà mí sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ má bínú.” Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì sá wọlé. Ẹ̀bẹ̀ náà dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lọ, nítorí pé mo mọ̀ pé n kò ṣẹ̀, wọ́n sì mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá bá mi lórí pápá lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti lọ, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ti ẹsẹ̀ yẹn.” A jọ ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára. Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí ọkọ mi fi rí ilé, tí mo sì kó lọ sí Jọ́ọ̀sì. Kí n tó lọ, ọ̀gá ilé ìwé tún pè mí kí n wá ṣe rẹfirí nígbà tí ilé ìwé wa fẹ́ gbá pẹ̀lú ti Ìlúà. Mo ní ara mi kò yá.