Abọ́ Ìyá Mi Tó Bá Ọkọ̀ Ojúurin Lọ

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ èyí wọ inú ilé ọkọ̀ ojúurin àtijọ́ ní Ṣábẹ níbí, èyí tí a ń pè ní gáà. Koríko ti bo irin mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ọkọ̀.

"Ìyá àgbà, ejò lè wà ńbẹ̀ o."

"Ejò wo ló máa dúró de ẹni tó ń rìn bíi tèmi? Á ti lọ kí n tó dé."

Abọ́ ni mò ń wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, èmi àti ìyá mi ń ta dùndú àti wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní, tí a dín fún èrò ọkọ̀. Inú abọ́ la fi ń gbé e sókè sójú fèrèsé, èrò á jẹ, á dá abọ́ padà. Bí ọkọ̀ bá gbé abọ́ lọ, èrò á fi rán àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bọ̀, wọ́n á fi kọ́ ìṣó nínú yàrá kan ní gáà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lu ihò sí etí abọ́, tí kálukú ń so òwú tirẹ̀ mọ́ ọn. Pupa ni ti ìyá mi.

Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí fèrè bá ti dún, n ò gbọdọ̀ gbé abọ́ sókè mọ́. Lọ́jọ́ kan, fèrè dún, aláboyún kan nawọ́ sí mi: "Àbúrò, ṣàánú mi." Mo gbé e fún un. Ọkọ̀ ṣí. Abọ́ tánganran tí ìyá ìyá mi fún ìyá mi nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá mi ò nà mí. Ó ní, "Ọkọ̀ tó lọ sí Parakú, ṣebí ibí náà ló máa gbà bọ̀." Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gáà dé, kì í kí mi káàbọ̀ kó tó bèèrè: "Ṣé ó ti dé?" Ó bèèrè é títí dórí ẹní àìsàn. Nígbà tí a sin ín tán, n ò lọ wo ìṣó mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ó ti dé? Mo bá ọkọ mi lọ dáko ní Ofè. Ìgbà tí mo padà, ọkọ̀ ojúurin ò wá mọ́.

Nígbà tí a wọ yàrá náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìṣó náà ṣì wà lára ògiri. Òfìfo ni gbogbo wọn, àfi èyí tó kẹ́yìn: abọ́ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwú kan so mọ́ ọn, eruku ti bò ó dúdú.

"Pupa ni, Ìyá àgbà! Ó jọ pupa."

"Ṣé kì í ṣe kí inú mi lè dùn lo ṣe sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n nù ún wò."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí kò bá pupa, abọ́ ò dé rárá. Bó bá pupa, a jẹ́ pé ó dé, ó ń retí wa lórí ìṣó, èmi ni n ò wá mú un.

Mo tú òwú náà bó ṣe wà, teruku-teruku, mo so ó sí etí ìró mi. Nírọ̀lẹ́ mo lọ jókòó níbi tí a sin ìyá mi sí. N ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa fún un. Mo ní, "Ìyá, ó ti dé o."